Ọ̀wọ́ngógó Irin: Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà?

Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ kọ́lé máa ń bi mí jù lọ láti bí ọdún mélòó kan wá ni ìdí tí irin fi wọ́n tó báyìí, àti ìgbà tí yóò tó wálẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka àwòrán ilé, kí n ṣírò iye irin, sìmẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta àti pákó tí yóò wọ inú rẹ̀, kí n sì sọ iye owó tí gbogbo rẹ̀ yóò gbà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni ariwo máa ń kọ́kọ́ dé nígbà tí ìṣirò àná kò bá bá ọjà òní mu mọ́. Ìbéèrè náà tọ́, n ó sì dáhùn rẹ̀ dé ibi tí agbára mi dé. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í béèrè, òun gan-an ni mo sì kà sí pàtàkì jù: bí ọjà bá wọ́n lẹ́yìn tí a ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ta ni yóò san àlékún náà? Ẹni mẹ́ta péré ló lè san án, àwọn náà ni onílé, agbaṣẹ́ṣe, àti ilé fúnra rẹ̀. Bí àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá jókòó sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilé ni yóò san án, yóò sì san án níbi tí ojú kò tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí irin ti ń wá. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é láyé òde òní. Ti àkọ́kọ́ ni ìléru ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi èédú yọ́ òkúta irin. Kí tọ́ọ̀nù irin kan tó jáde níbẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.4 òkúta irin àti tọ́ọ̀nù 0.8 èédú ni yóò ti wọ inú iná. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún irin ayé ló ń gba ọ̀nà yìí jáde. Èkejì ni ìléru oníná mànàmáná tó ń yọ́ àlòkù irin, ìbáà ṣe ti ọkọ̀ tó ti kú, ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n tú palẹ̀, tàbí ti ilé tí wọ́n wó. Púpọ̀ nínú ọ̀pá irin tí a ń dì sínú kọnkéré, inú àlòkù bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Bí òkúta irin tàbí èédú bá wọ́n, irin ti ọ̀nà kìíní yóò wọ́n. Bí iná mànàmáná tàbí àlòkù bá wọ́n, ti ọ̀nà kejì yóò wọ́n. Bí ọ̀kan bá sì ti wọ́n, àwọn olùrà yóò rọ́ lọ sọ́dọ̀ èkejì, títí tí òun náà yóò fi gbówó lórí. Ìdí nìyí tí kò fi sí irin kan tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ọwọ́ àwọn tó di ọjà náà mú kò sì pọ̀. Nínú òkúta irin tí wọ́n ń kó gba orí òkun, ilẹ̀ Ọsirélíà àti Bràsíl ló ń ta èyí tó pọ̀ jù, ilẹ̀ Ṣáínà ló sì ń ra èyí tó ju ìdajì lọ. Ṣáínà yìí kan náà ló ń ṣe èyí tó ju ìdajì irin gbogbo ayé: ní ọdún 2023, irin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ju bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ, nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.9 tí gbogbo ayé ṣe. Ní oṣù Kíní ọdún 2019, ìdídò tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sí ní Brumadinho, ní Bràsíl, ya, ó sì pa ènìyàn tó ju 250 lọ. Wọ́n ti ibi ìwakùsà púpọ̀ pa, òkúta irin sì gbówó lórí káàkiri ayé. Ẹni tó ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta níbi tí wọn kò ti ra òkúta Bràsíl rí san ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ láìmọ̀.

Ọdún 2020 àti 2021 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara wọn rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe so kọ́ra. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dé, àwọn ilé iṣẹ́ irin pa ìléru wọn nítorí wọ́n rò pé ọjà kò ní tà. Ìléru ńlá kì í ṣe ohun tí a ń pa lálẹ́ kí a tún tàn án láàárọ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùrà padà dé kíákíá ju bí wọ́n ti rò lọ, nítorí àwọn tó há mọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé wọn ṣe, àwọn ìjọba sì ń náwó sórí títì àti afárá kí ọrọ̀ ajé lè gbérí. Òkúta irin tí kò tó 100 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 kọjá 200 dọ́là ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ní oṣù kan náà, pákó ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà ti ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń tà á kí àrùn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ ojú omi Ever Given dábùú ọ̀nà omi Suez, ó sì dí i fún ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn ọkọ̀ tó kó ẹrù dúró lẹ́yìn rẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ, owó tí wọ́n ń gbà láti kó kọ̀ǹténà kan láti èbúté kan dé èkejì sì túbọ̀ ń ga.

Ọjà kò tíì rọ̀ dáadáa nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń ta irin tí wọn kò tíì ṣe parí, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ lókèèrè máa ń rà láti yí padà sí ọ̀pá àti páànù. Ìlú Mariupol nìkan ní ilé iṣẹ́ irin ńláńlá méjì, Azovstal àti Ilyich. Azovstal di ibi tí àwọn ọmọ ogun Ukraine sá pamọ́ sí, ó sì di àwókù. Gáàsì àti iná mànàmáná wọ́n gógó ní Yúróòpù, títí tó fi di pé àwọn kan tó ń lo ìléru oníná ń pa á ní wákàtí tí iná bá ti wọ́n jù, wọ́n á sì tún tàn án nígbà tó bá rọ̀.

Lẹ́yìn ogun àti àrùn, ọwọ́ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Amẹ́ríkà fi owó ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé irin tó ń ti òkèèrè wọlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di ìdá 50 fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè. Ohun tí àwọn tí kò sí nínú òwò yìí kì í tètè rí ni pé kì í ṣe irin òkèèrè nìkan ni owó ibodè ń gbé sókè. Ẹni tó ń ṣe irin nílé, tí kò san kọ́bọ̀ ní ibodè, yóò wo iye tí irin àjèjì ń bọ̀ wá dé, yóò sì gbé tirẹ̀ gòkè títí yóò fi kù díẹ̀ kó bá a dọ́gba. Ó ṣe tán, kí ni yóò máa tà á ní ọ̀pọ̀ sí? Irin tí wọ́n bá sì tì sẹ́yìn ní ilẹ̀ kan yóò wá ilẹ̀ mìíràn lọ. Ní ọdún 2024, irin tí Ṣáínà tà sí òkèèrè kọjá mílíọ̀nù 100 tọ́ọ̀nù, àwọn orílẹ̀-èdè tó rọ́ wọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògiri tiwọn dìde. Yúróòpù tún ti fi owó lé èéfín tó rọ̀ mọ́ irin àti sìmẹ́ǹtì tó ń wọlé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ ní sùúrù, pé irin yóò padà sí iye tó wà ní ọdún 2019, ẹ bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé irin kì í wálẹ̀ rárá. Ó ń wálẹ̀ ní ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra ọ̀pá ogún, ọ̀nà jìn. Bí owó bá gòkè, òǹtajà yóò gbé irin tó ti rà tẹ́lẹ̀ gòkè lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó ń ronú iye tí yóò fi ra òmíràn. Bí owó bá wálẹ̀, yóò ní òun kò tíì ta èyí tí òun rà ní ọ̀wọ́n tán. Èmi kò bá wọn jà lórí èyí, nítorí ọgbọ́n ọjà ni. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jẹ gbèsè. Àti pé dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye irin káàkiri ayé, débi pé irin lè dúró sójú kan ní ọjà àgbáyé kó sì máa gòkè lójoojúmọ́ níbi tí owó ìlú bá ti ń rẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yàtọ̀ díẹ̀. Ó wúwo, kò sì tó owó tí a ó fi máa gbé e rìn jìnnà, nítorí náà iye rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó bá sún mọ́ni àti epo tí wọ́n fi ń dáná. Nǹkan bíi 1,450 ni ìwọ̀n ooru Sẹ́síọ́ọ̀sì tí iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kí òkúta ẹfun àti amọ̀ tó di ohun tí wọ́n ń lọ̀ sí sìmẹ́ǹtì, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá tí iná bẹ́ẹ̀ kò fi ní jẹ epo. Bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọdún 2021, ó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀ ní 2024. Gíláàsì, ọ̀dà àti páìpù oníke ń tẹ̀lé gáàsì àti epo rọ̀bì. Mo fi èyí sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí irin ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Báwo ni àlékún náà ti pọ̀ tó gan-an? Níbí ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn. Ká ní irin kó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kan, irin sì wá gbówó lórí pẹ̀lú ìdá 30. Àpapọ̀ owó ilé náà kò ní gòkè pẹ̀lú ìdá 30, ìdá 4.5 péré ni yóò fi gòkè, bí ohun mìíràn bá dúró sójú kan. Nígbà náà, bí agbaṣẹ́ṣe kan bá wá bá yín pé nítorí irin, owó gbogbo iṣẹ́ ti di ìlọ́po kan àtààbọ̀, ẹ ní kó gbé ìṣirò wá. Onílé tó bá gbọ́ ìdá 4.5 á mí kanlẹ̀, á ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ìhà kejì. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe, pàápàá àwọn ńlá tó ń bá ara wọn du iṣẹ́, ni èrè wọn lórí iṣẹ́ kan kì í ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá 4.5 tí kò ju ìnira díẹ̀ lọ lójú onílé, gbogbo èrè agbaṣẹ́ṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Bí sìmẹ́ǹtì bá tún fi díẹ̀ kún un, ó ti ń fi owó ara rẹ̀ kọ́lé fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Nígbà náà ni àdéhùn tó so owó mọ́ ojú kan máa ń di wàhálà. Àwọn onílé fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ ìdí: wọ́n fẹ́ mọ iye tí wọn yóò san kí wọ́n lè sùn. Bí ọjà bá tòrò, àdéhùn bẹ́ẹ̀ dára. Bí ọjà bá ń ru, ìlérí tí ẹnì kan kò lágbára láti mú ṣẹ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Porter Davis, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá ní Ọsirélíà, kógbá wọlé, ó sì fi ilé tó tó 1,700 sílẹ̀ láìparí ní ìpínlẹ̀ Victoria àti Queensland. Owó ohun èlò tó ń gòkè nígbà tí iye inú àdéhùn kò yí padà wà lára ohun tó pa á. Àwọn onílé yẹn ní ìwé lọ́wọ́ tó sọ pé iye owó kò ní yí padà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sí i kò sí mọ́ láti ṣe é.

Ìyẹn gan-an ni èyí tó hàn sí gbangba. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni agbaṣẹ́ṣe tí kò kógbá wọlé, tó rẹ́rìn-ín sí onílé, tó parí iṣẹ́ ní iye tí wọ́n jọ sọ. Ẹ mú ọ̀pá irin mìlímítà 12 kan tó gùn ní mítà 12. Ìṣirò tí gbogbo àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lò fún ìwúwo rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ìbú ọ̀pá náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 162 pín in, yóò fún yín ní iye kílò mítà kan. Mìlímítà 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Ẹ fi 162 pín in, ó di 0.889, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mítà 12, ọ̀pá náà yóò wọn nǹkan bíi kílò 10.7. Ìlànà BS 4449 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kó dín tàbí kó lé ní ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kò yẹ kó wọn kéré sí kílò 10.2. Ẹ wá gbé irin tí wọ́n ń pè ní mìlímítà 12, ṣùgbọ́n tó jẹ́ 11 ní tòótọ́, sórí òṣùwọ̀n: kò ní pé kílò 9. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n irin tó wà nínú ọ̀pá náà ti dín ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹnjiníà bá ní kí wọ́n to ọ̀pá mẹ́fà sínú òpó kan, tí wọ́n sì to mẹ́fà oní-11 yìí, ọ̀pá márùn-ún ni wọ́n tò níti gidi. Ẹ kà á, mẹ́fà lẹ ó bá. Iye pé, agbára kò pé.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìbú, nítorí ara ọ̀pá náà ní gígún tó yọ síta kí kọnkéré lè dì í mú, bí ẹ bá sì fi irinṣẹ́ náà há orí gígún wọ̀nyẹn, 11 á ka 12 fún yín. Òṣùwọ̀n ni kì í purọ́. Ní ọ̀pá mìlímítà 12 tó pé ìwọ̀n, bí ọ̀pá 94 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ti oní-11, bí 112 ni. Ẹni tó bá ń fi iye ọ̀pá ta irin tó fúyẹ́ yìí ti rí ọ̀pá bíi méjìdínlógún lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí yóò máa fi pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń tà ní ọ̀pọ̀. Bí ọjà bá ti wọ́n, irin bẹ́ẹ̀ ló máa ń kún ọjà, kò sì yani lẹ́nu. Bí wọn kò bá ra irin tín-ín-rín, wọ́n lè fa àlàfo sáàárín àwọn òrùka tó ń di àwọn ọ̀pá inú òpó mọ́ra: àwòrán ní mìlímítà 150, bẹ́ńdà, ẹni tó ń tẹ irin, tò ó ní 250, ní ọjọ́ kejì wọ́n ti da kọnkéré bò ó. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn onílé ni pé bí owó bá wà fún ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnjiníà yóò fi wá síbi iṣẹ́, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n to irin tán tí wọn kò tíì da kọnkéré.

Kí wá ni ṣíṣe? Lójú tèmi, kí onílé gbà láti ru ẹrù àlékún náà ní gbangba, pẹ̀lú ìṣirò tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí, sàn ju kí ó máa rò pé òun ti gbé e lé agbaṣẹ́ṣe lórí. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. FIDIC, àjọ àgbáyé àwọn ẹnjiníà agbaninímọ̀ràn, ní i nínú ìwé àdéhùn tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ní abala 13.8, ó sì wà ní abala 13.7 nínú ẹ̀dà ti 2017. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ó pín owó iṣẹ́ sí ọ̀nà ọ̀nà: ẹ lè ní kí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún má yí padà rárá, kí owó òṣìṣẹ́ jẹ́ ìdá 25, irin ìdá 20, sìmẹ́ǹtì ìdá 15, epo ìdá 10, kí ìdá 15 tó kù jẹ́ ti àwọn ohun mìíràn. Ẹ ó kọ ọjọ́ tí ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí owó bá tó san, ẹ ó wo iye ti òní. Bí irin bá ti fi ìdá 40 gòkè, ìdá 40 lórí ìdá 20 jẹ́ ìdá 8, nítorí náà owó tó yẹ kó jẹ́ 100 yóò di 108. Bí sìmẹ́ǹtì bá fi ìdá 10 wálẹ̀ lásìkò kan náà, ẹ ó yọ ìdá 1.5 kúrò, ó ku 106.5. Kò sí ariwo níbẹ̀. Fún ilé kékeré tí ìṣirò gígùn yìí pọ̀ jù fún, ẹ lè mú irin àti sìmẹ́ǹtì nìkan, kí ẹ kọ ọ́ pé àyípadà tí kò bá tó ìdá márùn-ún jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe, èyí tó bá lé sì jẹ́ ti onílé.

Àwọn kan yóò ní èyí yóò sọ agbaṣẹ́ṣe di ọ̀lẹ, pé kò ní wá irin tó rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àlékún fi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé iye ọjà tí àwọn tí kò sí nínú àdéhùn náà ń gbé jáde, kì í ṣe ìwé rírà tí agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ mú wá. Bó bá ra irin rere ní iye tó rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ, kó jẹ èrè ọgbọ́n rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò ní fi abala bẹ́ẹ̀ sí i, kì í ṣe pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ àlékún: ẹni tó gbọ́n nínú àwọn tó wá du iṣẹ́ náà yóò ti fi owó ẹ̀rù kún iye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì san án bí ọjà wọ́n tàbí kò wọ́n, ẹni tí kò gbọ́n ni yóò dá iye tó kéré jù, òun ni ẹ ó sì gbé iṣẹ́ fún.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn ènìyàn ń gbà ni kí wọ́n ra irin sílẹ̀ ṣáájú. Mo fara mọ́ ọn fún ẹni tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gba ẹni tó ń yá owó nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí èlé lè jẹ ju ohun tí ọ̀wọ́n ì bá jẹ lọ. Irin tó ti rà gbọ́dọ̀ wà lórí igi, kó má fara kan ilẹ̀, kí wọ́n sì bò ó. Ìpẹtà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ara rẹ̀ kì í ṣe ewu; èyí tó ń ṣí bí èèpo, tó sì ti jẹ ihò sára ọ̀pá, ló ti dín in kù. Bí agbaṣẹ́ṣe ló bá fi owó yín rà á sílẹ̀, kí ìwé wà pé tiyín ni, kí irin náà sì wà níbi tí ẹ ti lè kà á, nítorí bí ó bá kógbá wọlé ní ọ̀la, àwọn tí agbaṣẹ́ṣe náà jẹ lówó yóò wá kó ohun gbogbo tí wọ́n bá bá nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀ kí ó rántí àwọn irin tó yọ orí síta lórí òpó tí wọn kò tíì fà gòkè. Òjò ọdún púpọ̀ lórí wọn ń jẹ irin tó ti san owó rẹ̀.

Ó tún kù síbi gígé irin. Mítà 12 ni ọ̀pá náà sábà máa ń gùn, àwòrán ilé púpọ̀ sì wà tó ní kí wọ́n gé e ní mítà 4.2. Méjì ni yóò jáde nínú ọ̀pá kan, mítà 3.6 yóò sì ṣẹ́kù, yóò wà nílẹ̀ títí ẹni tó ń ra àlòkù yóò fi gbé e lọ. Bí ẹni tó ya àwòrán bá lè fà á sí mítà 4, mẹ́ta yóò jáde láìṣẹ́kù kankan. Ìjókòó ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ayàwòrán, ẹnjiníà àti bẹ́ńdà kí irin tó dé ibi iṣẹ́ ń gba irin là ju dúnàádúrà ọjà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹni tó ń ṣe é tó bó ti yẹ. Ẹnjiníà nìkan ló sì lè sọ pé kí wọ́n dín irin kù tàbí kí wọ́n fi irin tó lágbára jù rọ́pò. Kì í ṣe iṣẹ́ onílé, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń ta irin.

Abala àyípadà owó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ sókè àti lọ sí ìsàlẹ̀. Pákó Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lókè, tó ga jù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ti pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ẹni tó tọwọ́ bọ àdéhùn ní oṣù Karùn-ún láìsí ọ̀rọ̀ nípa ìwálẹ̀ owó nínú rẹ̀ san owó oṣù Karùn-ún fún pákó oṣù Kẹjọ. Agbaṣẹ́ṣe kì í gbàgbé láti mú ìwé wá nígbà tí ọjà bá gòkè. Nígbà tó bá wálẹ̀, onílé ni yóò béèrè fúnra rẹ̀, kó sì béèrè kí ó tó san owó ìkẹyìn, nítorí lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí yóò di mú mọ́.